Ta Ló Jẹ́ Hẹn? Ìtàn Ìjà Lórí Àsansílẹ̀ Owó Ìwé Ìròyìn

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn lókè òkun, òwe yìí ti ní ìparí tuntun: ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á tún yọ owó rẹ̀. Ẹ san owó ọdún kan fún mágásíìnì kan, ẹ kà á, ọdún yípo. Ẹ ò sọ pé ẹ tún ń fẹ́, ẹ ò sì sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́. Ìgbà tí ẹ máa fi wo àkáǹtì yín ní báńkì, owó ọdún kejì ti lọ, ó sì tún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ pè wọ́n, wọ́n ní ó wà nínú àdéhùn tí ẹ bá àwọn ṣe. Ẹ ní àdéhùn wo? Ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, ì báà jẹ́ ní Peckham, ní Houston tàbí ní Toronto, ló ti ja irú ìjà yìí rí, a sì máa ń rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìjà náà dàgbà ju rédíò lọ. Láti nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn adájọ́, àwọn aṣòfin, àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn òǹkàwé ń gbé lọ gbé bọ̀: ṣé ìdákẹ́jẹ́ ènìyàn lè di ìjọ́hẹn rẹ̀? Bí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, a óò mọ ibi tí agbára wa wà nígbà tí wọ́n bá tún yọ owó wa láìsọ fún wa.

Owó ìṣíhùn àti ẹṣin Felthouse

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àṣà ìgbéyàwó ti ní ìdáhùn tirẹ̀ sí ìbéèrè yìí. Bó ti wù kí alárinà lọ kó bọ̀ tó, bó ti wù kí ìdílé méjèèjì mọ ara wọn tó, àṣà ní kí ọmọbìnrin fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ hẹn. Ìjọ́hẹn tàbí ìṣíhùn ni wọ́n ń pè é, ọkọ àfẹ́sọ́nà a sì san owó ìṣíhùn. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: owó tí wọ́n ń san kí ohùn lè ṣí. Mi ò sọ pé kò sí ọmọbìnrin tí wọ́n fipá fún lọ́kọ láyé àtijọ́. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ò tó, pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, òun ló yẹ kó náwó sí i, kó sì dúró dè é.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Paul Felthouse, fẹ́ ra ẹṣin lọ́wọ́ John, ọmọ arákùnrin rẹ̀. Iye tí wọ́n jọ sọ kò yé àwọn méjèèjì bákan náà: £30 ni Felthouse rò, 30 gínì ni John rò, gínì kan sì fi ṣílè kan ju pọ́n-ùn kan lọ. Felthouse wá kọ̀wé pé kí àwọn pín ìyàtọ̀ náà sí méjì, kó di £30 àti ṣílè 15. Ó fi kún un pé bí òun ò bá ti gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹṣin ti di tòun nìyẹn.

John ò fèsì. Ó kàn sọ fún Bindley, ẹni tó ń bá a lu àwọn ẹran ọ̀sìn rẹ̀ ní gbàǹjo, pé kó yọ ẹṣin yẹn sọ́tọ̀. Bindley gbàgbé, ó lù ú ní gbàǹjo pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ni Felthouse bá pe Bindley lẹ́jọ́ pé ó ta ẹṣin òun. Ní ọdún 1862, kóòtù ní ẹṣin náà ò tíì di tirẹ̀ nígbà tí wọ́n lù ú. Ìdí ni pé kò sí ẹni tó lè kọ̀wé sí ẹlòmíràn kó wá di ẹrù lé e lórí pé àfi kó fèsì, bí kò bá fèsì, ọjà ti wọlé. Ẹ sì kíyè sí i, John fúnra rẹ̀ fẹ́ ta ẹṣin yẹn fún un nínú ọkàn rẹ̀. Síbẹ̀, kóòtù ní ohun tó wà nínú ọkàn, tí ẹnu ò sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kò tíì di àdéhùn. Títí di òní, ẹjọ́ ẹṣin yìí wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kọ́ ní Nàìjíríà.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, kò ní sí ìjà. Ṣùgbọ́n àwọn oníwèé ìròyìn ní ọ̀nà tiwọn.

Ìwé tó ń bọ̀ ṣáá

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ta ìwé ìròyìn láyé ìgbà náà. Ní Abẹ́òkúta, lọ́dún 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. 120 owó ẹyọ ni ẹ̀dà kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lówó ọwọ́ báyìí, ìjà ìsọdọ̀tun ò lè wáyé: ẹni tó bá fẹ́ òmíràn á tún kó owó wá.

Ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní àwọn ìlú kéékèèké, àwìn ni wọ́n ń tà á. Oníwèé ìròyìn á máa fi ìwé ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípasẹ̀ pósíọ́fíìsì, òǹkàwé á san nígbà tó bá rówó. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fi igi ìdáná tàbí àgbàdo san án. Bí ọdún bá pé, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ẹ ṣì ń fẹ́ ẹ. Ìwé ń bọ̀ ṣáá, gbèsè sì ń ga sí i.

Kí gbèsè yẹn má baà ṣòfò, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà nígbà náà máa ń tẹ ìkéde kan tí wọ́n pè ní òfin ìwé ìròyìn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá sọ ọ́ gbangba pé òun ò fẹ́ mọ́, ó ṣì ń fẹ́ ẹ. Pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbèsè ẹ̀yìn. Àti pé ẹni tó bá kọ̀ láti gba ìwé tó dé lórúkọ rẹ̀ sí pósíọ́fíìsì, ìwà jìbìtì ló hù. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé kóòtù ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ni pé ẹni tó lọ gba ìwé, tó mú un relé, tó kà á, ti fi ìwà sọ̀rọ̀ bí ẹnu rẹ̀ ò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: Felthouse ò fi ìdákẹ́jẹ́ rí ẹṣin gbà, oníwèé ìròyìn sì ń fi ìdákẹ́jẹ́ òǹkàwé kó gbèsè jọ lọ́dọọdún.

Kì í ṣe òǹkàwé ló fòpin sí i; pósíọ́fíìsì ni. Láti ọdún 1885, sẹ́ńtì kan péré ni oníwèé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ń san lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan ìwé tó bá fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹkàwé rẹ̀. Owó yẹn kéré púpọ̀, àwọn òǹkàwé tòótọ́ nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Pósíọ́fíìsì wá béèrè pé: ẹni tí kò sanwó láti ọdún mẹ́ta, ṣé òǹkàwé ni àbí orúkọ lásán? Láti oṣù kìíní ọdún 1908, wọ́n ṣòfin pé bí àsansílẹ̀ ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bá ti tán fún ọdún kan, tàbí ti ojoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, láìjẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ dọ̀tun, kò ní rí ẹ̀dínwó yẹn gbà mọ́.

Ìgbà yẹn ni àsansílẹ̀ wá di bárakú ọjà ìwé ìròyìn. Bàtà sì bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì. Tẹ́lẹ̀, oníwèé ìròyìn ló ń dá òǹkàwé láwìn; báyìí, òǹkàwé ló ń fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn kí ìwé tó dé. Bí ọdún bá sì parí, ó parí lóòótọ́. Oníwèé ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kó sì bẹ̀bẹ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá wa san ọdún kan sí i. Láti ìgbà yẹn ló ti ń wá ọ̀nà tí kò fi ní bẹ̀bẹ̀ mọ́.

Káàdì tí ẹ ò dá padà

Ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà náà. Ní ọdún 1926, Harry Scherman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Book-of-the-Month Club sílẹ̀ ní New York. Lóṣooṣù, àwọn onímọ̀ á yan ìwé kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé káàdì kékeré kan lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìkéde ránṣẹ́ pé ìwé báyìí ló ń bọ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ kọ ọ́ sórí káàdì, kí ẹ dá a padà. Bí ẹ ò bá dá a padà, ìwé á dé, owó rẹ̀ náà á sì dé.

Ẹgbẹ́ náà mọ ènìyàn. Ó mọ̀ pé a máa ń gbàgbé, pé a máa ń sọ pé tó bá di ọ̀la, pé káàdì á bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ìgbàgbé wá di ọjà. Àwọn tó ń ta àwo orin náà kọ́ ọ lára wọn, gbogbo wọn sì ń ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1970, ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn ènìyàn, pàápàá nítorí àwọn olójúkòkòrò tó ń fi ọjà ránṣẹ́ sí ilé onílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, tí wọ́n á tún wá máa béèrè owó. Amẹ́ríkà ṣòfin lọ́dún 1970 pé ọjà tí ẹ ò béèrè tó bá dé nípasẹ̀ pósíọ́fíìsì, ẹ̀bùn ni. Lọ́dún 1971, Ìlú Ọba náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1973, àjọ Federal Trade Commission, tí gbogbo ayé mọ̀ sí FTC, gbé ìlànà jáde fún àwọn ẹgbẹ́ òǹkàwé àti ẹgbẹ́ olórin: kí wọ́n ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kí ènìyàn tó wọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì fún un ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá láti sọ pé òun ò fẹ́.

Ìlànà dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó ní ihò kan. Àwọn tó ń kọ́kọ́ fi ìkéde ránṣẹ́ kí ọjà tó dé nìkan ló mú. Ẹni tí kò bá fi ìkéde kankan ránṣẹ́, tó kàn ń yọ owó lọ, ìlànà 1973 ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù ni ọ̀nà tí ọwọ́ ọlọ́jà á fi wọnú àpò oníbàárà láìkan ilẹ̀kùn. Káàdì báńkì ló ṣí ọ̀nà yẹn.

Ọwọ́ nínú àpò

Kì í ṣe pé sísan owó léraléra ṣàjèjì sí wa. Èsúsú àti àjọ ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, wọ́n ṣì ń dá susu ní Trinidad títí dòní. Ṣùgbọ́n èsúsú ní òpin tí ojú ń rí. Bí ó bá ti kárí gbogbo ẹgbẹ́, ó parí. Ẹni tó bá tún fẹ́ dá á sọ pé òun tún fẹ́ dá. A sì mọ ẹni tó ń gba owó, a mọ ilé rẹ̀, a mọ ìyá rẹ̀.

Direct debit bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba ní àwọn ọdún 1960, káàdì báńkì sì gbòde lẹ́yìn náà. Pẹ̀lú wọn, ọlọ́jà ò nílò kí oníbàárà kọ ṣẹ́ẹ̀kì mọ́. Nọ́ńbà káàdì tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní Ìlú Ọba mọ ìpolówó rẹ̀: ẹ gba ẹ̀dà mẹ́ta ní £1. Ẹ̀dà mẹ́ta yẹn á dé lóòótọ́. Ohun tí wọ́n kọ ní lẹ́tà wínníwínní nísàlẹ̀ ni pé lẹ́yìn ẹ̀dà kẹta, iye owó gidi á bẹ̀rẹ̀, á sì máa lọ títí ẹ óò fi sọ pé ó tó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti oníwèé ìròyìn náà. Owó tí òǹkàwé ń san fún àsansílẹ̀ kì í sábà tó owó ìwé, ìtẹ̀wé àti pósíọ́fíìsì. Ìpolówó ọjà ló ń gbé mágásíìnì ró, iye òǹkàwé tí mágásíìnì bá sì ṣèlérí fún àwọn apolówó ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìpolówó. Bí òǹkàwé bá dín kù sí iye tó ṣèlérí, ó di gbèsè sí i lọ́rùn. Nítorí náà ni lẹ́tà ìbẹ̀bẹ̀ fi ń tẹ̀lé lẹ́tà ìbẹ̀bẹ̀: èkíní, èkejì, ẹ̀karùn-ún, owó ni gbogbo rẹ̀. Òǹkàwé kan wà tí ń fẹ́ ìwé yẹn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n tó gbàgbé láti san. Inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ á dùn pé kò sí ẹ̀dà tó já mọ́ òun lọ́wọ́. Fún òun, àsansílẹ̀ tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, àǹfààní ni. Ibi tí ó ti di ìjà ni ti ẹni tí kò mọ̀ rárá pé òun ti wọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Irú wọn ò sì kéré. Ní ọdún 2006, àwọn agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ 23 ní Amẹ́ríkà bá Time Inc., ilé iṣẹ́ tó ni Time, People àti Sports Illustrated nígbà náà, parí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sùn yìí gan-an. Àwọn oníbàárà ní wọ́n sọ àsansílẹ̀ àwọn dọ̀tun láìjẹ́ pé ó yé àwọn, wọ́n sì yọ owó lórí káàdì àwọn tàbí kí wọ́n fi ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn. Time Inc. gbà láti san $4.5 mílíọ̀nù fún àwọn ìpínlẹ̀ náà, láti ṣí ọ̀nà ìdápadà owó fún oníbàárà tó lé ní 100,000, àti láti máa ṣàlàyé àdéhùn rẹ̀ ní gbangba. Ìwé ìròyìn tó lókìkí ni o, kì í ṣe ti ẹni tí a ò mọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé kì í ṣe iṣẹ́ gbájúẹ̀ nìkan ni ìjà yìí. Ó ti wọ inú bí wọ́n ṣe ń ta ìwé gan-an.

Òfin ń sáré tẹ̀lé e

Yúróòpù ti rí i díẹ̀ ṣáájú. Òfin àpapọ̀ Yúróòpù ti ọdún 1993 lórí àdéhùn tí kò tọ́ dárúkọ rẹ̀ ní pàtó: àdéhùn tó ń fa ara rẹ̀ gùn nítorí pé oníbàárà ò sọ nǹkan kan, nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fún un láti sọ̀rọ̀ ti tètè kọjá jù, lè jẹ́ èyí tí kò tọ́. Ní Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá láti Benin àti Togo ń gbé, òfin Chatel ti ọdún 2005 sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ rán oníbàárà létí kí àdéhùn tó sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Bí kò bá rán an létí, oníbàárà lè kúrò nígbàkígbà tó bá wù ú. Ní Jámánì, láti oṣù kẹta ọdún 2022, irú àdéhùn tuntun bẹ́ẹ̀ ò lè de ènìyàn fún odindi ọdún mìíràn mọ́. Ìkìlọ̀ oṣù kan ti tó láti kúrò. Láti oṣù keje ọdún yẹn kan náà, ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnì tí wọ́n á tẹ̀ láti fi kúrò.

Ní Brazil, òfin àwọn oníbàárà ti ọdún 1990, ní apá 39, kọ̀ fún ọlọ́jà láti fi ọjà ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè. Bó bá fi ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. California náà sọ ohun tó jọ ọ́ nínú òfin ìsọdọ̀tun tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún 2010: ọlọ́jà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ní gbangba, kó sì gba ìjọ́hẹn oníbàárà kó tó yọ owó. Ọjà tó bá fi ránṣẹ́ láìgba ìjọ́hẹn yẹn ti di ẹ̀bùn. Ẹ gbọ́? Ìjọ́hẹn. Ó tó 148 ọdún lẹ́yìn ẹṣin Felthouse kí òfin tó tún padà síbi tí ẹṣin wà.

Ṣùgbọ́n kò tíì dúró sójú kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, FTC gbé ìlànà tuntun jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà pé bí ó ti rọrùn láti wọlé ló gbọ́dọ̀ rọrùn láti jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ pe ẹjọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan wọ́gi lé ìlànà náà, nítorí pé FTC fo ìgbésẹ̀ kan tí òfin ní kó gbé kó tó ṣe é. Ní Ìlú Ọba, òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 ní kí ọlọ́jà máa rán oníbàárà létí, kó sì jẹ́ kí ìjáde rọrùn. Ìjọba ibẹ̀ ṣírò pé owó àsansílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń san láìfẹ́ ń lọ sí £1.6 bílíọ̀nù lọ́dún kan.

Nígbà tí ààlà ilẹ̀ bá wà láàárín

Àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ kan, tí a ń ka ìwé ilẹ̀ kejì, tí a tún ní ẹbí ní ilẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i fún wa. Owó pósíọ́fíìsì òkè òkun máa ń mú kí àsansílẹ̀ wọ́n ju ti àwọn onílé lọ. Bí wọ́n bá sì fi owó ilẹ̀ mìíràn yọ ọ́, báńkì á tún gba tirẹ̀ lórí pàṣípààrọ̀. Ẹni tó kó kúrò ní Manchester lọ sí Calgary lè ti gbàgbé mágásíìnì tó ń dé ilé àtijọ́. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí ń ká a sẹ́nu ọ̀nà, owó sì ń jáde lórí káàdì ẹni tó ti lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti òkú. Bí bàbá tàbí ìyá bá kú sókè òkun, àwọn ọmọ á ṣètò ìsìnkú, wọ́n á gbé òkú relé, wọ́n á ná owó tó wà àti èyí tí kò sí. Báńkì tí kò bá tíì gbọ́ pé ẹni náà kú á ṣì máa san ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Òkú ń ra ìwé ìròyìn. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá jẹ́ ìjọ́hẹn, a jẹ́ pé òkú ló ń jẹ́ hẹn jù.

Nílé, ìdàkejì ló ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù gidigidi. Nígbà tó yá, àwọn kan dá a dúró pátápátá. Àsansílẹ̀ tó ń sọ ara rẹ̀ dọ̀tun wá kùnà láti sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Ẹni tó fẹ́ ìwé rẹ̀ tọkàntọkàn pàdánù rẹ̀ nítorí dọ́là, ẹnì kejì tí kò fẹ́ ẹ mọ́ sì bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Òfin ilẹ̀ ta ló máa mú ọlọ́jà tó wà ní ilẹ̀ mìíràn? Ní Yúróòpù, òfin kan ti ọdún 2008 tí wọ́n ń pè ní Rome I sọ pé bí ọlọ́jà bá dìídì ń tajà sí orílẹ̀-èdè tí oníbàárà ń gbé, kò lè lo òfin ilẹ̀ tirẹ̀ láti fi gba ààbò òfin ibi tí oníbàárà ń gbé kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló máa torí £40 gba agbẹjọ́rò? Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé báńkì ni ọ̀pọ̀ ìjà yìí ti ń parí, kì í ṣe kóòtù.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí ti fi nǹkan lé wa lọ́wọ́. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kọkànlá ọdún 2009, bí ẹ bá sọ fún báńkì yín pé ẹ ò fún ọlọ́jà kan láyè mọ́ láti yọ owó lórí káàdì yín, báńkì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Kò lè ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1978 fún yín láyè láti dá owó tí wọ́n ń yọ léraléra nínú àkáǹtì dúró, bí ẹ bá sọ fún báńkì ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ṣáájú. Bó bá jẹ́ káàdì àwìn, òfin ọdún 1974 fún yín ní 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ìwé ìṣirò ránṣẹ́, kí ẹ kọ̀wé pé owó yìí ò tọ́. Àmọ́ o, dídá owó dúró ò túmọ̀ sí pé àdéhùn ti parí. Ẹ kọ̀wé sí oníwèé ìròyìn náà pé ẹ ti kúrò, ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan, kí wọ́n má baà gbé orúkọ yín fún àwọn agbowó-gbèsè.

Kì í ṣe pé àsansílẹ̀ burú. Ìwé ìròyìn tí a nífẹ̀ẹ́ sí kò lè wà láìsí owó wa. Àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tó ti kú mọ́ wa lójú, àìsanwó àwa òǹkàwé wà lára ohun tó pa wọ́n. Ẹni tó bá gbé ìwé rere jáde, ẹ jẹ́ ká san owó rẹ̀, ká sì san án lásìkò. Ohun tí òǹkàwé ń béèrè láti ọjọ́ yìí wá ò ju pé kí wọ́n bi òun, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Àwọn tó ń san owó ìṣíhùn mọ̀ pé ìbéèrè náà ní iye tó ń náni. Lẹ́tà ìránnilétí kan ṣoṣo lọ́dún kò wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.